Ráútà Tó Ní Òun Ò Mọ Ọjọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọ̀kan nínú àwọn ráútà àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Cisco ṣe, tó sì tẹ àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀, lè rí irú ìdáhùn yìí: *00:01:23.456 UTC Mon Mar 1 1993. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1993 nìyẹn, ẹ̀rọ náà sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ lọ geere bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀rọ yìí ti sọnù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n wo àmì ìràwọ̀ kékeré tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ ni pé: "Ohun tí mò ń kà nìyí, ẹ má gbára lé e." Bí ẹ̀rọ náà bá ti rí aago gbà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, ìràwọ̀ náà á kúrò. Bí okùn tó so ó mọ́ ẹni yẹn bá tún wá já lẹ́yìn náà, àmì ìdánudúró kékeré kan ló máa bọ́ síbẹ̀, ìyẹn ni pé aago náà ti péye rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àmì kékeré yẹn wúlò ju bí aago náà fúnra rẹ̀ ṣe péye tó lọ. Kò sí aago kan nínú ráútà tí kì í ṣìnà. Èyí tó bá mọ̀ pé òun ti ṣìnà, tó sì sọ ọ́, ni kì í kó bá èèyàn.

Ráútà ni ẹ̀rọ tó máa ń dúró ní oríta láàárín nẹ́tíwọọ̀kì kan àti òmíràn, tó ń wo ibi tí ìdì dátà kọ̀ọ̀kan ń lọ, tó sì ń tì í sí ọ̀nà tó tọ́. Nínú èyí tó bá pé dáadáa, aago méjì ló wà. Èkíní ni aago ara ẹ̀rọ. Ṣíípù kékeré kan ni, ó sì ní bátìrì tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ bátìrì róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Nítorí bátìrì yìí, bí iná bá lọ, aago náà kì í dúró. Ohun tó ń lù ú ni ègé òkúta kúátísì kan tí wọ́n gé lọ́nà tó jẹ́ pé bí iná mànàmáná bá ti kàn án, á máa gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn ò ṣèèṣì mú nọ́ńbà yẹn. Bí èèyàn bá pín in sí méjì, tó tún pín ìdajì rẹ̀ sí méjì, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó fi pé ìgbà 15, ẹyọ 1 ló máa kù. Pípín sí méjì ni iṣẹ́ tó rọrùn jù lọ fún ṣíípù, ìdí nìyẹn tí aago olówó pọ́ọ́kú pàápàá fi lè ka ìṣẹ́jú àáyá láìṣe wàhálà.

Èkejì ni aago sọ́fítíwíà. Èyí ò ní bátìrì, kò sì ní ibùgbé tirẹ̀. Nọ́ńbà kan lásán ni nínú iyè ẹ̀rọ náà, tí ètò tó ń darí ráútà ń fi kún díẹ̀díẹ̀ bí kúátísì mìíràn ṣe ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Nínú àwọn ráútà tí Linux ń darí, tí wọ́n sì pọ̀ gan-an lóde òní, ohun tí nọ́ńbà yẹn ń kà ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970. Òun ni gbogbo iṣẹ́ yòókù inú ráútà máa ń bi léèrè ọjọ́. Bí iná bá lọ, ó parẹ́ pátápátá. Bí iná bá dé, á jí bí ẹni tó dákú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, tí kò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí alẹ́, ẹni tó sì kọ́kọ́ máa ń bi léèrè ni aago ara ẹ̀rọ. Á ka ohun tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan ta kora nígbà tó bá yá, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Nítorí èyí ni Linux ṣe ní ìwà kan tó dára: bí aago sọ́fítíwíà bá ti bá orísun tó péye mu lórí nẹ́tíwọọ̀kì, ó lè máa kọ ọ́ padà sára aago ara ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú 11 sí ìṣẹ́jú 11. Bí kò bá tíì bá orísun kankan mu, kò ní kọ ohunkóhun. Ohun tí kò dá a lójú, kì í fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Nítorí pé aago ara ẹ̀rọ kì í sùn, ó rọrùn láti rò pé òun ni ọ̀gá, pé bí wàhálà bá dé, òun ló yẹ ká lọ bá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ ló ń tọ́jú. Bí ẹni tó fi sí i bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe ló máa tọ́jú tọkàntọkàn. Yàtọ̀ sí èyí, kúátísì olówó pọ́ọ́kú lè yẹ̀ ní ìwọ̀n 20 nínú mílíọ̀nù kan. Ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 1.7 ni lójúmọ́, ó sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ láàárín ọdún kan. Ooru tún máa ń bà á jẹ́ sí i. Irú kúátísì tó ń gbọ̀n ní 32,768 yìí máa ń ṣe dáadáa jù ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, yálà ó gbóná ni tàbí ó tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bó bá sì ṣe jìnnà sí i tó ni ìfàsẹ́yìn náà á ṣe máa pọ̀ lọ́nà ìlọ́po. Ní ìwọ̀n 45, ó lè pàdánù ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lójúmọ́. Nínú àpótí irin tó wà lórí òpó, tí oòrùn ọ̀sán ń pa títí tí inú rẹ̀ fi gbóná dé ìwọ̀n 65, ó lè pàdánù tó 4 sí 5. Ibi tí ilẹ̀ ti ń gbóná bíi tiwa ni aago tí wọ́n dán wò nínú yàrá tútù ti máa ń dójú ti olówó rẹ̀.

Àwọn ráútà kékeré tí a ń lò nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní aago ara ẹ̀rọ rárá. Àwọn tó ṣe wọ́n rò ó pé bátìrì àti ṣíípù máa bù kún iye ọjà, àti pé ẹ̀rọ tó jẹ́ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á kò ní ṣàì rí ibi béèrè ọjọ́. Ìṣirò yẹn bá ìlú tí iná kì í lọ mu. Ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Èkó, níbi tí iná ti lè lọ, kó dé, kó tún lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni irú ráútà bẹ́ẹ̀ lè jí sí ọdún 1970. Bí wọ́n bá ti tò ó sí aago Nàìjíríà, tó fi wákàtí kan ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, aago kan òru ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún yẹn ni kíkà rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Bí dátà bá wà, tí nẹ́tíwọọ̀kì sì dúró, kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ náà á fi rí ọjọ́ tòótọ́ gbà. Bí dátà bá ti tán, tàbí tí òpó àdúgbò ò tíì dìde, inú ọdún 1970 ló máa wà.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, kí ló kan ráútà pẹ̀lú ọjọ́? Ṣebí iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ti dátà lọ sí ibi tó ń lọ, ó sì ń ṣe é yálà ó rò pé ọdún 1970 la wà tàbí ọdún yìí. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo sì gba ìdajì rẹ̀. Àwọn ráútà tó ń fi ètò OSPF bára wọn sọ̀rọ̀ sábà máa ń kí ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 10. Bí 40 bá kọjá tí ẹnì kan ò gbúròó èkejì, á gbà pé ó ti kú, á sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Àwọn ráútà ńlá tó so ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan pọ̀ mọ́ òmíràn nípasẹ̀ ètò BGP ní irú àdéhùn kan náà, tó sábà máa ń jẹ́ 60 fún ìkíni àti 180 fún sùúrù. Gbogbo èyí kò nílò ọjọ́. Iye àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọjọ́ ṣe é rárá, torí bí ẹnì kan bá ṣàtúnṣe ọjọ́ lójijì láti 1970 sí ọdún yìí, gbogbo ráútà á rò pé àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá tí ẹnikẹ́ni ò kí wọn. Àwọn tó gbé àwọn ètò yìí kalẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kì í ṣe ohun tó ṣeé fi ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú lé lọ́wọ́.

Ìdajì kejì ni mi ò gbà. Ráútà òde òní ń ṣe ju títi dátà lọ. Ó ń ṣí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀ka ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn, ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà ló sì fi ń dá ẹni tó wà lódì kejì mọ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ráútà tó wà ní 1970 á wò ó, á ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò tíì pé, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó mọ̀ dáadáa. Àwọn òbí tó ní kí fóònù ọmọ wọn má rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ àti wákàtí ni ráútà fi ń mú àṣẹ wọn ṣẹ. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Wi-Fi ọlọ́jọ́ kan ní sàkáánì ilé ẹ̀kọ́ gíga, bó bá jẹ́ ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni tíkẹ́ẹ̀tì náà fi ń parí, ráútà tó bá padà sẹ́yìn máa sọ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan di ti ayérayé.

Èyí tó tún wá burú jù ni ti àkọsílẹ̀. Ráútà máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó wọlé, ìgbà tó wọlé, àdírẹ́sì tí wọ́n fún un. Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ò tó ayé mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù máa ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní abala 38, sọ ọ́ di dandan kí àwọn tó ń pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnnà dátà àti ti oníbàárà wọn fún ọdún 2. Bí wọ́n bá fi àdírẹ́sì kan lu ẹnì kan ní jìbìtì, ohun tí ọlọ́pàá máa gbé lọ bá ilé iṣẹ́ náà ni àdírẹ́sì yẹn àti wákàtí tí ìwà náà ṣẹlẹ̀. Níbi tí àdírẹ́sì kan ti ń kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló wà láàárín ọ̀daràn àti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, fi gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2011, nínú ìwé tí wọ́n pè ní RFC 6302, pé kí sáfà tó dojú kọ íńtánẹ́ẹ̀tì máa kọ wákàtí tó péye dé ìṣẹ́jú àáyá, kó sì kọ nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí oníbàárà gbà wọlé mọ́ ọn. Bí ìwé kan bá sì fi aago Nàìjíríà kọ tirẹ̀, tí èkejì fi UTC kọ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́, wákàtí kan gbáko ti yọ nínú ẹ̀rí nìyẹn.

Níbí ni mo ti rí agbára àmì ìràwọ̀ yẹn. Àkọsílẹ̀ tó bá ní ọdún 1970 tàbí 1993 lórí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọdé pàápàá máa mọ̀ pé aago ti bàjẹ́. Èyí tó léwu ni irọ́ tó jọ òótọ́. OpenWrt, ètò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sínú ráútà ilé dípò èyí tó bá a wá, ní ọgbọ́n kan tó ń dá fún ẹ̀rọ tí kò ní aago ara: bó bá ń jí, á wo àwọn fáìlì ètò rẹ̀, á mú ọjọ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn, á sì fi ṣe ọjọ́ òní títí yóò fi rí ẹni bi. Ọgbọ́n gidi ni, torí ọjọ́ yẹn sún mọ́ òótọ́ débi tí àwọn ìwé ẹ̀rí fi máa ṣí. Ṣùgbọ́n fún àkọsílẹ̀, ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù mẹ́ta padà sẹ́yìn, kí ẹni tó ń kà á má sì fura. Ohun tó yẹ ni kí ẹ̀rọ ṣe méjèèjì pọ̀: kó méfò, kó sì kọ ọ́ sójú ìwé pé ìméfò ni.

A kò lè ṣàì mẹ́nu kan ọkùnrin tó kọ́ àwọn ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọjọ́. David Mills, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, tó kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ló gbé ètò NTP kalẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tó fi orúkọ yẹn pè é jáde ní ọdún 1985. Ráútà ni Mills ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà PDP-11 tó fi ètò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fuzzball darí ni wọ́n lò bíi ráútà nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì NSFNET bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, orí wọn náà ló sì ti dán aago wò. Ìṣirò NTP kò le. Ká ní aago ráútà kan fi ìṣẹ́jú àáyá 5 gbáko lọ sẹ́yìn. Ó kọ ìbéèrè nígbà tí aago tirẹ̀ wà ní 0.000. Sáfà gbà á nígbà tí aago sáfà wà ní 5.050, ó sì dáhùn ní 5.060. Ìdáhùn dé ọwọ́ ráútà nígbà tí aago ráútà wà ní 0.110. Ráútà á yọ ìgbà tó fi béèrè nínú ìgbà tí sáfà gbà á, á rí 5.050, á yọ ìgbà tí ìdáhùn dé nínú ìgbà tí sáfà dáhùn, á rí 4.950, á ro méjèèjì pọ̀, á pín in sí méjì, á sì rí 5.000. Ohun kan ṣoṣo tó gbà láìrí i ni pé ìrìn àlọ àti àbọ̀ gba ìgbà kan náà. Bí wọn ò bá dọ́gba, àṣìṣe á wà, ṣùgbọ́n kò lè ju ìdajì gbogbo ìrìn náà lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìrìn náà jẹ́ 0.100, nítorí náà àṣìṣe ò lè ju 0.050. NTP máa ń gbé ìwọ̀n àṣìṣe tó ṣeé ṣe yìí rìn pẹ̀lú aago tó bá gbà, kì í sọ wákàtí láìsọ bó ṣe dá a lójú tó.

Ẹlòmíràn á ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká gbàgbé aago ara ẹ̀rọ àti bátìrì, ká sáà máa béèrè lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Bélú ọdún 2012 ló dá ẹni náà lóhùn. Ilé ìwòràwọ̀ ti ológun orí omi Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó ń pa aago mọ́ fún orílẹ̀-èdè náà, ní sáfà méjì tí gbogbo ayé mọ̀ sí tick àti tock. Fún nǹkan bíi wákàtí kan lọ́jọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ọdún 2000 la wà. Ráútà, sáfà àti ẹ̀rọ tẹlifóònù ilé iṣẹ́ tó ti gbẹ́kẹ̀ lé wọn nìkan bá wọn padà sẹ́yìn ní ọdún 12. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sáfà méjì nínú ilé kan náà, ẹnìkan ni wọ́n. Ìmọ̀ràn tí IETF wá tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 ni pé kí ẹ̀rọ máa bi orísun mẹ́rin ó kéré tán, kó bàa lè mọ èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Ètò NTP tí Mills fi sílẹ̀ tún ní ààlà kan: lẹ́yìn tó bá ti jí tán, bí ẹnì kan bá sọ fún un pé aago rẹ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 1,000 lọ yàtọ̀ sí òótọ́, kò ní tẹ̀ lé e. Á dá iṣẹ́ dúró, á ní kí èèyàn wá wò ó.

Béèrè-béèrè pàápàá ní ìwà. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2003, ìbéèrè ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu sáfà aago Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, títí tó fi ju 250,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ délẹ̀, ráútà ilé tí Netgear ṣe, tó ju 700,000 lọ, ni wọ́n ti kọ àdírẹ́sì sáfà yunifásítì náà mọ́ nínú. Bí ráútà wọ̀nyí ò bá rí ìdáhùn, wọ́n á tún béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan péré, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sáfà tí èrò pọ̀ jù fún kì í lè dáhùn. Netgear tún ètò náà ṣe, wọ́n sì fún yunifásítì lówó, àmọ́ àwọn ráútà tó ti wà nílé àwọn èèyàn kò lè parẹ́ lóòjọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ráútà tí kò mọ ọjọ́ lè fara dà á pé òun ò mọ̀, kó máa fi àyè sílẹ̀ sí i láàárín ìbéèrè kan àti èkejì, kó sì máa ṣe iṣẹ́ tí kò nílò ọjọ́ lọ.

Àwọn tó lówó lọ́wọ́ á ní àwọn á ra ẹ̀rọ GPS, kí sátẹ́láìtì tó ní aago átọ́ọ̀mù máa sọ ọjọ́ fún àwọn ní tààrà. Ó péye lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tó kù sí. Nọ́ńbà tí GPS fi ń ka ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ò lè ju 1,024 lọ kó tó padà sí òdo, èyí tó jẹ́ ọdún 19 ó lé díẹ̀. Ó padà sí òdo ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe ọdún 2019. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kéde rẹ̀, nẹ́tíwọọ̀kì aláìlówáyà tí ìjọba ìlú New York ń lò dákú fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ibi tí èèyàn lè ra òtítọ́ aago sí, kó sì lọ sùn.

Kí wá ni ipò aago ara ẹ̀rọ nínú gbogbo èyí? Mo gbà pé ipò tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá a ṣe é. Ní ọdún 2020, IETF fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun kan tí ráútà lè gbà béèrè ọjọ́ láìsí pé oníjìbìtì á já ìdáhùn gbà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà náà ń lo ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí sì nílò ọjọ́. Ráútà ní láti mọ ọjọ́ kó tó lè béèrè ọjọ́. Ohun tó ń tú okùn yìí ni aago tó kàn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀: kò pọn dandan kó péye dé ìṣẹ́jú àáyá, kó ṣáà mọ oṣù tó wà. Aago ara ẹ̀rọ ń ṣe èyí dáadáa, kódà bó ti fi ìṣẹ́jú 10 yẹ̀. Ibi tí kò bá sì sí bátìrì, ọjọ́ tí wọ́n kọ sọ́fítíwíà náà wà nínú rẹ̀. Kò sí bí òní ṣe lè ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. systemd, tó ń jí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux dìde, máa ń lo irú ààlà yìí. Ó máa wúlò gan-an ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2038, nígbà tí nọ́ńbà ìṣẹ́jú àáyá inú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ oníbíìtì 32 máa kún, tí wọ́n á fò padà sí ọdún 1901. Ẹ̀rọ tó bá mọ̀ pé wọn ò tíì bí òun ní 1901 á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Àtakò tó kù ni pé kò sẹ́ni tó ń ka àmì ìràwọ̀. Lóòótọ́, oníṣọ́ọ̀bù tó ń lo Wi-Fi ò ní wọlé sínú ráútà rẹ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ń kà á. Bíìtì méjì àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìdáhùn NTP ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìkìlọ̀, bí méjèèjì bá jẹ́ 1, ohun tó túmọ̀ sí ni "aago mi ò bá ẹnikẹ́ni mu, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi." Ipele 16 ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà: ipele 1 ni sáfà tó so mọ́ aago átọ́ọ̀mù tàbí GPS ní tààrà, wọ́n ń kà á lọ sísàlẹ̀ dé 15, ẹni tó bá wà ní 16 kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọjọ́ fún ẹlòmíràn. Bí ráútà bá ń fi àmì rẹ̀ síwájú ìlà àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣí ìwé náà lẹ́yìn ọdún kan á mọ èyí tó lè mú lọ sílé ẹjọ́. Ibi tí mo ti gbà pé àtakò yìí jàre ni pé ọ̀pọ̀ ráútà ilé kì í fi nǹkan kan hàn. Wọ́n á kọ ọjọ́ gàdàgbà sójú ewé, láìsọ bóyá wọ́n gbà á lọ́dọ̀ ẹnì kan ni tàbí wọ́n hùmọ̀ rẹ̀.

Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ wa ò ju agbára lọ. Kí ẹni tó ń to ráútà fún ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ fi orísun aago mẹ́rin sí i, kó yan ìlà àkókò Nàìjíríà tàbí UTC, kó sì kọ èyí tó yàn sílẹ̀. Kí ẹni tó ń ra ọjà béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ní bátìrì aago, àti bóyá ó máa ń sọ ọ́ bí aago rẹ̀ ò bá dá a lójú. Kí agbẹjọ́rò tí wọ́n bá gbé àkọsílẹ̀ ráútà ka iwájú oníbàárà rẹ̀ bi ẹlẹ́rìí léèrè pé ta ló sọ ọjọ́ fún ẹ̀rọ yìí, ìgbà wo ló sì bá ẹni náà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí ilé iṣẹ́ náà ò bá lè dáhùn ìbéèrè méjì yẹn, àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé wọn ò tíì tó láti fi ti ẹnikẹ́ni mọ́lé.